Ìlànà Abúlé ní Aró, 1954 sí 1963, àti Ipò Ẹbí nínú Ìtọ́jú Ẹni tí Orí Rẹ̀ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dàrú

Ìfáàrà

Nígbà tí orí ọ̀dọ́ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàrú, kì í ṣe dókítà ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó máa ń ṣàkíyèsí pé kò sùn mọ́ ní òru, tàbí pé ó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó máa ń rí i pé ó ti ń sá fún oúnjẹ ilé, nítorí ó gbà pé májèlé wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ẹbí yìí, àti ohun tí ojú aláìsàn fúnra rẹ̀ rí, ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Ọsirélíà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹnu mọ́ láti nǹkan bí ọdún 1990 pé ó yẹ kí ó ní àyè nínú ìtọ́jú, kí ó sì ní àyè pẹ̀lú nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò ìtọ́jú náà. Ní ọdún 2000, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 50 sílẹ̀ tí yóò máa tètè tọ́jú irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó rọrùn fún ẹni tí ó bá ń ka irú ìròyìn báyìí láti rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni èrò náà ti ṣẹ̀ wá. Àpilẹ̀kọ yìí yóò gbé ìtàn kan yẹ̀ wò tí ó ta ko èrò bẹ́ẹ̀, èyíinì ni ìtàn ìlànà abúlé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Aró, ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954. Yóò sì bi ìtàn náà ní ìbéèrè kan tí àwọn tí wọ́n ń yìn ín kì í sábà bi í: àwọn ẹbí tí wọ́n bá aláìsàn gbé ní Aró, ṣé wọ́n ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú ètò náà, tàbí ọwọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ní? Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé ìlànà náà dé Lẹ́kkí àti Ajah ní Èkó, nítorí pé agbègbè bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi hàn kedere ohun tí Aró gbójú lé tí kò sí níbi gbogbo.

Ṣáájú Aró

Láàárín ọdún 1903 sí 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí àwọn ilé wèrè àkọ́kọ́ ní Calabar àti ní Yábà. Ilé ìhámọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ilé ìwòsàn. Òfin ọdún 1916 fún adájọ́ ní agbára láti ní kí wọ́n ti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú mọ́lé, ipa tí ẹbí sì ní nínú rẹ̀ kò ju pé kí ó mú ẹjọ́ wá, kí ó sì padà sílé. Nígbà tí Dókítà Cunyngham Brown, tí wọ́n rán wá láti Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ipò tí ó bá àwọn ilé wọ̀nyí. Ogun àgbáyé kejì kò jẹ́ kí ohun púpọ̀ ti ibẹ̀ jáde, àfi pé ní ọdún 1944 wọ́n ṣí ilé mìíràn ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú lójú ogun sí.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí wọ́n wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ adáhunṣe ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn wà, ibẹ̀ gan-an sì ni gbòǹgbò ìtàn yìí. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aró láti 1957 sí 1959, lọ káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn adáhunṣe ilẹ̀ Yorùbá, ó sì kọ̀wé nípa iṣẹ́ wọn. Ó rí egbò asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n fi ń mú kí aláìsàn sùn, igi tí ó bá èyí tí àwọn òyìnbó ti rí oògùn reserpine láti ara rẹ̀ tan. Ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pẹ̀lú, nǹkan tí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn láti máa yin ìṣègùn ìbílẹ̀ kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Ohun tí ó kan àpilẹ̀kọ yìí jù ni pé ẹni tí wọ́n bá gbé dé agboolé adáhunṣe kì í sábà dá wà: ìyá tàbí àbúrò máa ń bá a gbé níbẹ̀, láti dáná fún un àti láti ṣọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwòsàn òyìnbó kan wá ní kí ẹbí tẹ̀ lé aláìsàn wá, kò sí ẹni tí ó ka ọ̀rọ̀ náà sí àjèjì.

Bí ìlànà abúlé ṣe bẹ̀rẹ̀

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Thomas Adéoyè Lambo sí ní ọdún 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ti ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó dé Aró ní ọdún 1954, wọn kò tíì parí ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ síbẹ̀. Ilé kò sí, aláìsàn sì wà nílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn òpìtàn fi ojú tí ó tó wo kókó yìí, nítorí àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn Aró máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé láti inú ìrònú ọkùnrin kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ìrònú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lambo gbà pé bí a bá já aláìsàn kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, àìsàn náà ni a ń fún lágbára. Ṣùgbọ́n ìnira pẹ̀lú ṣe ìdáwọ́lé náà.

Abúlé mẹ́rin ni ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Lambo bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì gbà kí aláìsàn máa gbé inú ilé wọn. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé ní owó kí wọ́n lè fi yàrá kún ilé wọn. Omi ẹ̀rọ dé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wolé-wolé ń yẹ àyíká wò, wọ́n sì ń pa ẹ̀fọn. Àwọn kan nínú àwọn ará abúlé rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Bí ènìyàn bá ń wá ìdí tí àwọn ará abúlé kò fi lé àwọn aláìsàn padà, kí ó má ṣe wá a nínú ẹ̀mí àlejò ṣíṣe ti Yorùbá nìkan. Owó ilé ń wọlé, omi sì ń yọ.

Òfin kan ṣoṣo ni kò ṣeé yẹ̀: aláìsàn kankan kò gbọ́dọ̀ wá láìmú ó kéré tán ẹbí kan dání. Ẹbí yìí ni yóò gba yàrá, yóò dáná, yóò fọ aṣọ, yóò mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀, yóò sì mú un padà sí abúlé ní ọ̀sán. Ní ilé ìwòsàn, aláìsàn ń gba oògùn ìgbàlódé àti ìtọ́jú oníná. Ní abúlé, ó ń gbọ́ ìlù, ó ń bá wọn lọ sí oko, ó ń rí ọmọdé tí ń ṣeré. Lambo tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bíi 12 sí iṣẹ́ láti máa ràn án lọ́wọ́. Àwọn àjèjì sábà máa ń fi Aró wé Gheel ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń gba aláìsàn sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àfiwé náà kò pé. Ní Gheel, ọ̀dọ̀ àjèjì ni aláìsàn ń gbé. Ní Aró, ilé nìkan ni ti àjèjì, ọwọ́ tí ó ń bọ́ aláìsàn jẹ́ ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ̀.

Ọwọ́ àti ẹnu

Àǹfààní tí ó wà nínú òfin yìí hàn sí ojú. Ẹni tí ó sun ẹ̀gbẹ́ aláìsàn ní alẹ́ ni ó lè sọ fún dókítà ní òwúrọ̀ bóyá oògùn àná ti pọ̀ jù. Ẹbí tí ó ti rí bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, tí ó sì ti rí àìsàn náà nígbà tí ó ń rọlẹ̀, yóò dá a mọ̀ bí ó bá tún fẹ́ yọjú lẹ́yìn tí wọ́n bá padà délé. Ní November 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí àwọn abúlé náà. Nígbà tí Lambo kúrò ní Aró lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963, òkìkí ìlànà náà ti kan káàkiri ayé.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ohun tí wọ́n kọ nípa Aró ní àkókò yẹn yóò rí ohun kan. Lambo kọ̀wé, Prince kọ̀wé, Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Cornell bá Lambo kọ ìwé ńlá ní ọdún 1963. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹbí jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìyá tí ó fi àtẹ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá kan ìtọ́jú, kò sí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní èrò nípa ìtọ́jú náà. Ohun tí aláìsàn tí ara rẹ̀ ti yá rò nípa ìtọ́jú oníná kò sí níbẹ̀ rárá.

Dakar ni ènìyàn lè fi wé e. Henri Collomb, ará Faransé tí ó di olórí ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Fann ní òpin àwọn ọdún 1950, gba ẹbí láàyè pẹ̀lú láti máa bá aláìsàn gbé. Ṣùgbọ́n ó fi ohun kan kún un. Wọ́n ń ṣe ìpàdé kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pénc, ọ̀rọ̀ Wolof fún gbàgede tí àwọn ará abúlé ti ń jíròrò. Aláìsàn, ẹbí, nọ́ọ̀sì àti dókítà yóò jókòó yípo, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu rẹ̀ yóò sì sọ ọ́ ní ojú gbogbo wọn. Kò yẹ kí ènìyàn sọ Fann di párádísè. Ilé ìwòsàn ni, ọwọ́ dókítà sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ níbẹ̀ pé kíkópa nínú iṣẹ́ àti kíkópa nínú ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ìyìn Aró máa ń bò mọ́lẹ̀: ẹbí kì í ṣe aláìsàn. Ohùn ìkíní kò lè dípò ohùn ìkejì ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí àjọ Human Rights Watch ṣe ìwádìí ní ilé 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní Abuja ní ọdún 2018 àti 2019, wọ́n bá ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n irin, ẹbí wọn ni ó sì mú púpọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀. Ìfẹ́ lè wà nínú irú ìwà bẹ́ẹ̀, àárẹ̀ sì lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dè kò fọwọ́ sí i. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2023, tí ó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́, ti fún aláìsàn fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú ètò ìtọ́jú rẹ̀. Ọdún 69 ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ Aró.

Lẹ́kkí àti Ajah

Ní ọdún tí Aró bẹ̀rẹ̀, abúlé apẹja àti oko àgbọn ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ iyanrìn tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, láti Màrókò títí kọjá Ajah. Bí orí ẹnìkan bá dàrú ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, ẹbí tí yóò tẹ̀ lé e kò jìnnà. Inú agboolé kan náà ni wọ́n wà, ẹni tí ó bá ṣẹ́kù sílé yóò sì bá wọn wo àwọ̀n àti ọmọ. Irú agboolé yìí ni ìlànà abúlé gbójú lé. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ nínú òfin rẹ̀, nítorí kò rò pé ó lè di àwátì.

Ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ dé ní àwọn ọdún 1980. Ní July 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, níbi tí àwọn ènìyàn tí wọ́n sábà ń ṣírò sí 300,000 ń gbé. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí àwọn ilé ìjọba ní Ilasan àti Ikota, ní ojú ọ̀nà Ajah. Àwọn tí ó pọ̀ jù fọ́n ká. Ohun tí àwọn òpìtàn sábà máa ń kà nínú ọ̀rọ̀ Màrókò ni ilé àti ilẹ̀. Wọn kì í sábà ka àbúrò ìyá tí ó ń gbé ní ojúlé kejì, ẹni tí yóò bá ni sun ẹ̀gbẹ́ aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ́sítéètì onígéètì dé, pẹ̀lú àwọn ayálégbé tí ẹbí wọn wà ní Ìbàdàn, ní Òwerri tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tí ó bá ń gbé Ajah tí orí ọmọ rẹ̀ sì ń dàrú yóò kọrí sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Yábà Lẹ́fùtì, tàbí ẹ̀ka rẹ̀ ní Oṣòdì. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà náà, ọjọ́ kan ṣoṣo tí dókítà dá fún un ni yóò gba gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ olùtọ́jú. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń gba owó ojúmọ́, owó ọjọ́ náà ti lọ. Ní Aró, ìjọba yá onílé ní owó kí yàrá lè wà. Kò sí ẹni tí ó yá olùtọ́jú ní ohunkóhun, nítorí wọ́n gbà pé oko yóò dúró dè é. Iṣẹ́ oṣù ní Lẹ́kkí kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí kan wà tí àwọn tí ó gbàgbọ́ pé agbára ẹbí nìkan tó máa ń gbé kalẹ̀. Ìbàdàn wà lára ìlú mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá lórí àrùn schizophrenia láti ìparí àwọn ọdún 1960, àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1979 sì fi hàn pé àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti Agra ń gbádùn ju ti Lọ́ńdọ̀nù àti Washington lọ. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹbí ni ìdí náà, ẹbí ìgbà yẹn ni, ẹbí tí ó ní agboolé. Ìjọba tí ó bá fi àbájáde yẹn ṣe àwáwí láti má ṣe náwó ń ná ohun tí kò sí lápò olùtọ́jú mọ́.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí ó tẹ̀ lé ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Aró ní ọdún 1954 ti lé ní 90 ọdún nísinsìn-yìí. Àwọn tí wọ́n lọ ní ọdún 1963, tí wọ́n jẹ́ ọmọdé tí wọ́n ń pọn omi fún olùtọ́jú, ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní 70 ni. Ọmọ àwọn onílé abúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà lè rántí ẹni tí ó sùn ní yàrá wo, ohun tí ó ń jẹ, àti ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ ní alẹ́ nígbà tí dókítà kò sí níbẹ̀. Ẹnu wọn ni apá tí ó kù nínú ìtàn náà wà.