Láti Àrokò dé Àròkọ: Èdè Ilé àti Ìpìlẹ̀ Ìwé Kíkọ

Bí ẹnìkan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà tí a sín pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láyé àtijọ́, kì í ṣe owó ọjà ló fi ránṣẹ́, àrokò ni. Ẹ̀fà ni, ohun tó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè máa ka ẹyọ owó náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, iye wọn nìkan ni yóò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé wa rí lónìí. Wọ́n mọ lẹ́tà, wọ́n lè pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n èdè tí a fi ń kọ́ wọn kò tíì dé etí wọn débi tí ìtumọ̀ yóò fi yọ.

Nínú àwọn ìwádìí tó ti wáyé lórí èyí nílẹ̀ wa, kò sí èyí tó la ojú ẹni tó Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe olórí rẹ̀, tí Ford Foundation sì fi owó ràn lọ́wọ́. Ọdún 1970 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kan fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ti àkọ́kọ́ ló ṣe dáadáa jù, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní ìwé tuntun àti olùkọ́ àtàtà ló ṣiṣẹ́ náà, pé kì í ṣe èdè nìkan. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìwé tuntun tí ọmọ kò gbọ́ èdè rẹ̀, kí ni yóò fi ṣe?

Ohun tí mo rò pé a kò tíì bójú tó tó ni pé ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni ti gba gbogbo ẹnu wa, a sì gbàgbé ìwé kíkọ gan-an. Dídà ohun tó wà lára pátákó kọ kì í ṣe ìwé kíkọ. Ẹ ní kí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nípa ìyá rẹ̀, gbólóhùn mẹ́ta ni, ó ti tán. Ẹ ní kó fi Yorùbá ròyìn bí ìyá kan náà ṣe ń rẹ ẹ̀wà, tó ń bó o, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń pò ó kí àkàrà tó débi epo, ẹ̀yin ni yóò rẹ̀. Ilé ìwé tó sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, àròkọ yẹn gan-an ló ń pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Bí ọmọ bá sì fẹ́ kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀, àkọtọ́ Yorùbá, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ ọ́, ti ń sún mọ́ bí etí ṣe ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ní Èkó ní 1875, tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wà níbẹ̀. Ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 sọ "aiye" di ayé, "ẹiyẹ" di ẹyẹ, "nwọn" di wọ́n. Àmì ohùn ló kù tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fojú fò. Ọmọ kọ ọ́ pé "Mo ri ọkọ iya mi lẹba ọna." Ọkọ yẹn lè jẹ́ irin iṣẹ́ àgbẹ̀, ó lè jẹ́ mọ́tò, ó lè jẹ́ bàbá rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀ láti fi kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ kò gba owó. Kí ọmọ kọ́kọ́ ròyìn. Kí olùkọ́ kọ ọ́ sára pátákó bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Kí ọmọ kà á padà, kó tó wá dá tirẹ̀ kọ. Bó bá ṣi àmì fi, kí olùkọ́ má tíì fa ìlà pupa. Kó ní kí ọmọ náà pariwo ka ohun tó kọ, bí àmì náà ṣe wà níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì na ọwọ́ sí ìrésà.