Gíráàmù Ọgọ́rùn-ún

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Kẹjọ 2024

Vinesh Phogat, oníjàkadì obìnrin, ọmọ abúlé Balali ní ìpínlẹ̀ Haryana, Íńdíà, gun òṣùwọ̀n ní Paris. Kílò 49.9 ló wọ̀n. Ìdíje oníkílò 50 ló fẹ́ jà níbi Òlíńpíìkì, gíráàmù 100 péré ló sì fi yọ.

Ara rẹ̀ kì í ṣe ara kílò 50. Láti 2019 ló ti ń jà ní kílò 53, ibẹ̀ ló ti gba àmì ẹ̀yẹ idẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní 2023, ojú títì Delhi ló ti ń fẹ̀hónú hàn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbi ìgbaradì. Òun àti àwọn oníjàkadì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Sakshi Malik àti Bajrang Punia, ló léwájú àwọn tó fẹ̀sùn kan Brij Bhushan Sharan Singh, ààrẹ àjọ ìjàkadì ilẹ̀ wọn nígbà náà, pé ó ń fi ọ̀ràn ìbálòpọ̀ yọ àwọn oníjàkadì obìnrin lẹ́nu. Ọkùnrin náà ní irọ́ ni. Ní 28 oṣù Karùn-ún, ọlọ́pàá wọ́ wọn nílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún Vinesh. Kó tó gbádùn, ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Antim Panghal ti gba àyè kílò 53 fún Íńdíà. Bó ṣe di pé ó sọ̀ kalẹ̀ sí 50 nìyẹn, ní ẹni ọdún 29.

Lẹ́yìn agogo mọ́kànlá àárọ̀

Ní gbàgede Champ-de-Mars, Yui Susaki ti Japan ni wọ́n kọ́kọ́ fi kò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Susaki í ṣe. Ó gba wúrà Òlíńpíìkì Tokyo láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí máàkì kan ṣoṣo gbà lára òun. Ó ti bá àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn jà nígbà 82, kò sí ẹni tó dá a rí.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n fi ń jà. Vinesh di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi orí ti orí, ó ń fi ẹsẹ̀ pamọ́ fún un. Adájọ́ ní kò kọlu ẹni, ó fi máàkì kan jẹ ẹ́ níyà, ó tún fi ìkejì kún un. Ó di 2-0 fún Susaki. Ẹni tí kò mọ ìjàkadì á ní ó ti gba kámú. Èmi gbà pé ó ń ṣọ́ àyè ni. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, àyè yẹn yọ: ó ya lu Susaki, ó tì í, ó sì gbé e lulẹ̀. Ó di 2-2, ẹni tó gba máàkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà ló sì borí. Àwọn ará Japan ní kí wọ́n tún fídíò wò. Ẹ̀bẹ̀ wọn kò jẹ́, máàkì kan tún lé e. 3-2.

Kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, ó ti dá Oksana Livach ti Ukraine náà, 7-5.

Lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́

Níbi ìjà tó ṣáájú àṣekágbá, Yusneylys Guzmán ti Cuba kò rí máàkì kan gbà. 5-0. Ṣáájú Vinesh, obìnrin oníjàkadì kankan láti Íńdíà kò tíì dé àṣekágbá Òlíńpíìkì rí. Bó jáwé olúborí, wúrà. Bí wọ́n dá a, fàdákà.

Alẹ́

Ẹni tó fẹ́ jà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ gbọ́dọ̀ jẹun, kó sì mumi. Nígbà tó padà gun òṣùwọ̀n, 52.7 ló kà, bẹ́ẹ̀ kílò 50 ló gbọ́dọ̀ tún wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí òru ọjọ́ náà ṣe lọ, olùkọ́ rẹ̀, Woller Ákos, ará Hungary, kọ ọ́ sórí Facebook kó tó yọ ọ́ kúrò. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ló fi ṣe eré ìdárayá. Kílò kan ààbọ̀ ṣì kù. Ó wọ yàrá ooru fún àádọ́ta ìṣẹ́jú. Òógùn kan kò jáde lára rẹ̀. Láti ọ̀gànjọ́ títí di agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ó ń ti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta láàárín. Ó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n gbé e dìde, ó tún padà sínú ooru. Olùkọ́ náà ní òun rò pé ó lè kú.

Wọ́n gé irun rẹ̀. Wọ́n gé aṣọ rẹ̀ kúrú.

Agogo 7:15 àárọ̀ ọjọ́rú

50.150. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Agogo 7:30: 50.100.

Òfin kọkànlá àjọ ìjàkadì àgbáyé, UWW, ní ẹni tí kò bá wọ̀n bó ṣe yẹ ti jáde nínú gbogbo ìdíje, ipò ìkẹyìn ló sì máa wà. Nígbà tí wọ́n ń fa omi sí Vinesh lára nílé ìwòsàn, Guzmán tí òun dá lánàá ló gba àyè rẹ̀. Sarah Hildebrandt ti Amẹ́ríkà dá Guzmán, ó gba wúrà. Guzmán gba fàdákà. Susaki gba idẹ. Lọ́jọ́ kejì, Vinesh kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì.

Ó pe ẹjọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun pín nínú fàdákà. Ní 14 oṣù Kẹjọ, adájọ́ Annabelle Bennett ti ilé ẹjọ́ eré ìdárayá dá ẹjọ́ náà nù, nítorí òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n adájọ́ yìí kan náà kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ìyà òfin náà ti le jù, àti pé obìnrin yìí kò hùwà àìtọ́ kankan.

Nílé wa, ẹni tí a bá dá lójú agbo, a ti dá a. Lọ́jọ́ tó wọ̀n kílò 49.9 láàárọ̀ ni Vinesh dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí UWW tún òfin kọkànlá kọ: ẹni tí kò bá wọ̀n lọ́jọ́ kejì, kó pàdánù ìjà ọjọ́ kejì, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ìjà tó ti jà tó sì ti borí lánàá.