Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo

Igbó Ọ̀ṣun wà létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ojúbọ 40 ló sì wà nínú rẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ń tẹ̀dó síbẹ̀, igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun, òrìṣà odò náà, figbe ta, ó ní kí wọ́n sún sókè. Láti ìgbà náà ni èèwọ̀ ti dé: a kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gégi.

Nígbà tó máa fi di àwọn ọdún 1950, èèwọ̀ ò múlẹ̀ mọ́. Àwọn àwòrò ń tán lọ, olè ń jí ère tà. Ìjọba gba apá kan igbó fún iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n tún gé igi ibẹ̀ lulẹ̀.

Orúkọ Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950 tó sì di Àdùnní Olórìṣà, ló máa ń kọ́kọ́ jáde tí wọ́n bá ń sọ bí igbó ṣe bọ́. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ àwọn àwòrò ló ṣílẹ̀kùn fún un, Àtáọ́ja Adénlé, ọba Òṣogbo, tì í lẹ́yìn, ọwọ́ ọmọ Òṣogbo ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ère tuntun tí wọ́n fi dáàbò bo igbó: Adébísí Àkànjí birikìlà, Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́gi, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta. Wọ́n fi irin ṣe egungun ère, wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì bò ó. Ẹni tó fẹ́ já ilẹ̀ igbó gbà bá ère ńlá lójú ọ̀nà. Òjò ń jẹ ẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa tún un rẹ́.

Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, ó kan gbogbo rẹ̀ ní 1992. UNESCO gbà á sínú àkójọ ohun ìní àgbáyé ní 2005. Oríṣi ewé àti igi tó lé ní 400 ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ṣe oògùn nínú wọn sì lé ní 200.

Ìṣòro omi odò ló kù. Àwọn tó ń wa wúrà lókè odò ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀, ìjọba sì ti kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu ún. Síbẹ̀, nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, bí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ, bá ti gbé e dé etí odò, àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ṣì ń bomi sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé.