Àwòrán Kì Í Gbé Inú Ojú Ìwé

Bí ẹni tó ní búlọ́ọ̀gì bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ọ̀rọ̀ kì í sábà sọnù. Àpilẹ̀kọ á dé pé, àkọlé á wà níbi tó yẹ kó wà, déètì á pé. Àwòrán ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: àpótí òfìfo á jókòó síbi tí fọ́tò wà tẹ́lẹ̀, àmì kékeré tó dà bíi bébà tó ya á sì lẹ̀ mọ́ igun rẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń yára dá ni pé ẹni tó kó ẹrù kò fara balẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, fáìlì àwòrán náà ti dé sáfà tuntun láìyingin. Ojú ìwé ni kò mọ̀ pé ó ti dé. Àdírẹ́sì ló bàjẹ́, àwòrán kò ṣe nǹkan kan. Ìdí tí àdírẹ́sì fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí àwòrán sì ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1993, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ búlọ́ọ̀gì rárá.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1993, Marc Andreessen, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní NCSA ní Yunifásítì Illinois, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí www-talk, níbi tí àwọn tó ń kọ́ ayélujára nígbà náà ti ń fikùn lukùn. Ó dábàá àmì tuntun kan, IMG, tí yóò jẹ́ kí àwòrán hàn láàárín ọ̀rọ̀. Kò ní kí wọ́n gbé àwòrán sínú ojú ìwé o. SRC ló ní kí wọ́n fi síbẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì ibi tí búráúsà yóò ti lọ gbé àwòrán náà wá. Àpẹẹrẹ tó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tún jẹ́ àdírẹ́sì kíkún, láti orúkọ ẹ̀rọ títí dé orúkọ fáìlì. Àwọn kan dá a lóhùn. Tim Berners-Lee, tó dá Wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní CERN, fẹ́ kí wọ́n lo àmì ìtọ́kasí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àríyànjiyàn náà kò tíì délé tí Andreessen àti Eric Bina fi gbé búráúsà Mosaic jáde lọ́dún yẹn kan náà, IMG sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ojú ara wọn rí àwòrán láàárín ọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó tún bi wọ́n léèrè bóyá ọ̀nà míì sàn jù.

Ìpinnu yẹn ní ohun tó bí i. Láti ọdún 1960 ni Ted Nelson ti ń lálàá ètò kan tó pè ní Xanadu, níbi tí ìsopọ̀ yóò ti ní ojú méjì: ẹni tó tọ́ka mọ ẹni tó tọ́ka sí, ẹni tí wọ́n tọ́ka sí náà sì mọ ẹni tó ń wò ó. Ní ìlú Graz ní Austria, àwọn Hermann Maurer kọ́ Hyper-G ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó ń tọ́jú àwọn ìsopọ̀ síbi ọ̀tọ̀ kí wọ́n má baà já nígbà tí ìwé bá ṣí kúrò. Berners-Lee kò bá wọn rìn lọ́nà yìí. Ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí ohunkóhun láìtọrọ àyè, bí ohun náà bá sì ti kúrò níbẹ̀, kí ìtọ́kasí máa fì dirodiro. Àyè yìí ló jẹ́ kí Wẹ́ẹ̀bù tàn ká ayé tí Hyper-G fi di ohun tí àwọn onímọ̀ nìkan ń rántí. IMG jogún àǹfààní náà, ó sì jogún àlébù rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fi igi ìrókò ìdí ọjà júwe ilé fún àlejò: lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé ìrókò náà, ilé wà níbẹ̀, àlejò kò sì ní rí i.

Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí wọn kò kúkú gbé àwòrán sínú ojú ìwé kí gbogbo wàhálà tán? Ímeèlì ṣe é. Ètò MIME tí Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé jáde lọ́dún 1992 ń jẹ́ kí fọ́tò bá ọ̀rọ̀ rìn nínú àpò kan náà. Ìbéèrè yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nígbà náà. Módẹ́ẹ̀mù tó dáa nígbà náà ń gbé bíìtì 14,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán tó wọ̀n kílóbáìtì 50 á gbà tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bó bá wà nínú ojú ìwé, òǹkàwé á dúró dè é kó tó rí gbogbo ọ̀rọ̀ kà, àwòrán kan náà tó bá sì wà lórí ojú ìwé mẹ́wàá ni wọ́n á rù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tí ìlànà tó gba àwòrán láàyè nínú ojú ìwé jáde ní 1998, pípa ni wọ́n ń pa àwòrán dà sí lẹ́tà, báìtì mẹ́ta a di mẹ́rin, ẹrù a sì fi ìdá mẹ́ta wúwo sí i. Nítorí náà mi ò bá àwọn ará 1993 jà pé wọ́n ya àwòrán sọ́tọ̀. Àṣà kíkọ àdírẹ́sì kíkún ni mo ń bá wí, torí pé èyí kò pọn dandan rárá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1995, Roy Fielding ti kọ òfin àdírẹ́sì kúkúrú sílẹ̀, èyí tí kò dárúkọ ìlú tàbí àdúgbò, tó kàn ń sọ pé fáìlì náà wà nínú fódà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tó bá fi irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ kọ ojú ìwé lè da gbogbo fódà rẹ̀ kọ sórí dísíkì, kó gbé e lọ síbi tó wù ú, kó sì ṣí i níbẹ̀ láìsí àpótí òfìfo kan.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé èèyàn kò fọwọ́ kọ àdírẹ́sì mọ́. Blogger dé ní 1999, Movable Type ní 2001, ní 2003 Matt Mullenweg àti Mike Little sì mú ètò kan tó ń jẹ́ b2, wọ́n sọ ọ́ di WordPress. Lọ́dọ̀ WordPress, bí ẹ bá fi fọ́tò sínú àpilẹ̀kọ, fáìlì á lọ sínú fódà wp-content/uploads, ní abẹ́ ọdún àti oṣù tí ẹ gbé e wá. Àdírẹ́sì kíkún fọ́tò náà, pẹ̀lú orúkọ ìkànnì yín níwájú, á lọ jókòó sínú ọ̀rọ̀ àpilẹ̀kọ nínú dátábéèsì. Ilé méjì ni wọ́n ń gbé, òwú kan ló so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń gba àpilẹ̀kọ nípasẹ̀ RSS, nínú ètò tí kì í ṣe ti oníbúlọ́ọ̀gì rárá. Àdírẹ́sì kúkúrú kò ní ohun tó máa fara tì níbẹ̀. Ìdí náà lágbára. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé òǹkàwé ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lójoojúmọ́, onílé ló sì ń san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ ìkólọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí gbèsè náà ṣe rí. Láti oṣù Keje ọdún 2018 tí Chrome ti ń kọ ọ́ sí iwájú gbogbo ìkànnì http pé kò láàbò, ọ̀pọ̀ tó kó lọ ló ń fi àǹfààní ìkólọ bọ́ sí https. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló lé sí i. Ṣùgbọ́n PHP, èdè tí wọ́n fi kọ WordPress, máa ń ka iye ohun tó wà nínú àwọn ètò kan kó tó tọ́jú wọn. Ohun tí a máa bá nínú dátábéèsì ni s:18:"http://example.com", 18 yẹn sì ni iye lẹ́tà àti àmì tó wà láàárín. Onílé á ṣí fáìlì tí dátábéèsì náà wà nínú rẹ̀, á ní kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ http sí https níbi gbogbo, á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Àdírẹ́sì ti di 19, 18 ṣì wà níwájú rẹ̀. PHP á kà á dé 18, á máa retí àmì ìparí, á bá lẹ́tà m níbẹ̀, á sì kọ gbogbo ètò náà pátá. Ìdí nìyí tí fọ́tò inú àpilẹ̀kọ fi lè padà wá tí àwọn àwòrán tó wà nínú ètò ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé á ṣì pòórá. Àwọn irinṣẹ́ bíi search-replace inú WP-CLI ń tú ètò náà palẹ̀, wọ́n ń tún un kà, kí wọ́n tó dì í padà. Ẹni tí kò mọ̀ pé kíkà wà níbẹ̀ kò lè fura, bó ti wù kó fara balẹ̀ tó.

Àwọn tó ní àìfarabalẹ̀ ni ṣì lè sọ pé ẹni tó bá kó fáìlì dáadáa kò ní kàgbákò. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, pàápàá fún àwa tó ń kọ èdè tó ní àmì. Kọ̀ǹpútà Windows gbà pé Eyo.JPG àti eyo.jpg jẹ́ ọ̀kan náà; Linux, tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, kò gbà. Èyí tó nira jù ni ti ọ̀ṣọ́ abẹ́ lẹ́tà. Unicode ní nọ́ńbà kan fún ọ, ó sì tún gbà kí a kọ o kí a fi àmì abẹ́ tẹ̀ lé e; ẹ́ kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. Ètò HFS+ tí Apple mú wá ní 1998 máa ń tú ọ sí méjì nínú orúkọ fáìlì, Linux sì ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá gbé fún un bó ṣe rí. Nípa bẹ́ẹ̀ Ọṣun.jpg tí àpilẹ̀kọ ń béèrè àti Ọṣun.jpg tó wà nínú fódà lè jọra lójú wa bí ìbejì, kí sáfà sì ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Tún wo dátábéèsì: títí MySQL 8.0 fi jáde ní 2018, latin1 ni ó máa ń lò bí ẹ kò bá sọ fún un, latin1 sì ní é, kò ní ẹ. Ọṣun a di ??un tàbí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àmì ìbéèrè nínú àdírẹ́sì ń sọ fún sáfà pé orúkọ fáìlì ti parí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí fi ń fi orúkọ àìlámì pe fáìlì Yorùbá. Ọgbọ́n gidi ni, ó sì ń bí mi nínú.

Àwọn tí kò kó lọ ńkọ́? Wọ́n pàdánù náà. Ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 2017, Photobucket, tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn fi fọ́tò pa mọ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2003, ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò òun máa hàn níbòmíràn san dọ́là 399.99 lọ́dún. Lójijì ni fọ́tò ọjà lórí eBay àti lórí àìmọye ojú ìwé di pátákó ìkìlọ̀ kan náà. Ojú ìwé wọn kò kúrò níbì kankan. Bákan náà ni fún ẹni tó kúrò ní Blogspot: àpilẹ̀kọ rẹ̀ lè ti dé WordPress kí àdírẹ́sì inú rẹ̀ ṣì máa pe bp.blogspot.com. Gbogbo nǹkan á máa hàn dáadáa títí di ọjọ́ tí fọ́tò bá kúrò lórí àdírẹ́sì àtijọ́ náà. Fáìlì tí WordPress ń kó àpilẹ̀kọ sí fún ìrìnàjò kò tilẹ̀ gbé àwòrán kankan dání. Àdírẹ́sì nìkan ló gbé, ilé tuntun ló máa padà lọ kó àwòrán lọ́dọ̀ ti àtijọ́. Ẹni tó bá ti fagi lé owó ilé àtijọ́ ṣáájú ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù rẹ̀.

Fún irú wọn, Internet Archive tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996 ló kù. Wayback Machine wọn, tó ṣí fún gbogbo ayé ní 2001, kì í kàn gba ojú ìwé kó sì gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà. Gbogbo àdírẹ́sì àwòrán inú rẹ̀ ló ń tún kọ, kí ó lè máa tọ́ka sí ilé ìpamọ́ náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà 14 tó ń sọ ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá. Iṣẹ́ tí oníbúlọ́ọ̀gì ń làágùn lé lórí lóru ni àwọn náà ń ṣe. Nítorí pé ojú ìwé àti àwòrán jẹ́ nǹkan méjì, ọjọ́ tí wọ́n kó ọ̀kan lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n kó èkejì. Ojú ìwé oṣù Kẹta a máa gbé àwòrán oṣù Kẹjọ sọ́rùn nígbà mìíràn, òǹkàwé á sì gbà pé bó ṣe rí nígbà náà nìyẹn.