Ife Davis àti Àtẹ̀gùn Tí Ilẹ̀ Áfíríkà Ń Gùn

Bí ẹnì kan bá sọ ní Ìfọ̀nyìn pé òun ń lọ wo eré bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tí yóò béèrè irú bọ́ọ̀lù wo. Bọ́ọ̀lù tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kékeré kan tún wà, tí kò tó ọsàn ńlá, tí à ń fi ràkẹ́ẹ̀tì gbá. Ràkẹ́ẹ̀tì ní ìdìmú gígùn. Orí rẹ̀ rí róbótó, wọ́n sì fi okùn tín-ín-rín hun ún bí asẹ́. Àwọ̀n wà láàárín pápá. Ẹnì kan dúró ní apá ìhín, ẹnì kejì dúró ní apá ọ̀hún, wọ́n á sì máa gbá bọ́ọ̀lù náà sí ara wọn. Ẹni tó bá gbá a sínú àwọ̀n tàbí kọjá ìlà, ẹnì kejì ló jẹ ayò. Eré yìí ni à ń pè ní tẹ́nìsì.

Lọ́pọ̀ ìgbà, olúkúlùkù ló ń ṣe é fún ara rẹ̀. Owó tó bá jẹ, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdíje kan wà fún àwọn ọkùnrin tí orílẹ̀-èdè ń bá orílẹ̀-èdè ṣe. Ìyẹn ni Ife Davis, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní Coupe Davis. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, pàápàá ìtàn àtẹ̀gùn tí orílẹ̀-èdè kékeré ní láti gùn kí ó tó dé ibi tí ife wà.

Ní ọdún 1900, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dwight Davis. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Harvard ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó ra abọ́ fàdákà ńlá kan, ó ní kí orílẹ̀-èdè tó bá borí nínú tẹ́nìsì máa gbé e lọ sílé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìpè náà. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Boston. Davis fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣeré fún Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà sì borí, 3 sí 0.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí orílẹ̀-èdè méjì bá pàdé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n á figa gbága láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mẹ́rin jẹ́ ti ẹnì kan sí ẹnì kan, ọ̀kan jẹ́ ti ẹni méjì sí ẹni méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní mẹ́ta ló borí. Ilé ẹnì kan ni wọ́n ti ń ṣe é, onílé ló sì ń yan irú ilẹ̀ tí wọ́n á lò: amọ̀ ni o, koríko ni o, tàbí sìmẹ́ńtì. Ẹ ò rí i pé àlejò kì í rọrùn.

Orílẹ̀-èdè méjì péré ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ààyè. Gúúsù Áfíríkà wọlé ní 1913. Ní 1923, wọ́n pín àwọn orílẹ̀-èdè sí agbègbè méjì, Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Lẹ́yìn náà wọ́n dá ti Éṣíà sílẹ̀. Àwọn tó wà ní agbègbè kan á kọ́kọ́ bá ara wọn ṣe é. Ẹni tó bá borí níbẹ̀ á lọ pàdé ẹni tó borí ní agbègbè mìíràn. Ẹni tó bá tún borí ni yóò wá lọ dojú kọ ẹni tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó sílé, ó ń retí ẹni tó ti rẹ̀. Lójú tèmi, èyí kò tọ́ rárá, síbẹ̀ ọdún 1972 ni wọ́n tó fi òpin sí i.

Áfíríkà kò ní agbègbè tirẹ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n so ó mọ́ Yúróòpù. Kí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tó gòkè, ó ní láti borí àwọn tó ti ń gbá tẹ́nìsì kí àwọn bàbá wa àgbà tó rí ràkẹ́ẹ̀tì.

Ní 1981, wọ́n tún ètò náà ṣe. Wọ́n fi orílẹ̀-èdè 16 sí òkè pátápátá, àwọn nìkan ló sì lè gba ife lọ́dún náà. Àwọn yòókù wà ní agbègbè wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín àwọn náà sí ìpele kìíní àti ìkejì, ìkẹta sì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹni tó ti jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yege á bọ́ sí kíláàsì tó wà lókè. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á padà sí èyí tó wà nísàlẹ̀.

Ìpele kẹta yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀ á péjọ sí ìlú kan ṣoṣo fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń figa gbága dípò ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wọ́n sì ń parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Owó ló fà á. Ìwé ọkọ̀ òfuurufú fún eléré mẹ́rin àti olórí wọn kì í ṣe owó kékeré, àgàgà tí a bá ní láti ra á lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa náà ti ṣeré ní àwọn ọdún 1990.

Ṣé ọmọ tó mọ ọ̀n gbá ni kò sí nílẹ̀ Áfíríkà? Ẹ jẹ́ ká wo ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Ní 1971, Arthur Ashe, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú tẹ́nìsì, ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀. Ó rí ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá kan lórí pápá. Yannick Noah lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Kamẹrúùnù ni bàbá rẹ̀, ọmọ Faransé ni ìyá rẹ̀. Ashe wò ó, ó rí i pé ọmọ náà ní ẹ̀bùn. Ó ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ tẹ́nìsì ní Faransé, wọ́n sì mú ọmọ náà lọ sí Nice láti kọ́ iṣẹ́. Ní 1983, Noah gba ìdíje ńlá ti Faransé ní Paris. Ní 1991, ó jẹ́ olórí ikọ̀ Faransé tó na Amẹ́ríkà ní Lyon, tí wọ́n fi gba Ife Davis. Láti 1932 ni Faransé kò ti rí ife náà gbà. Ó tún darí wọn gbà á ní 1996 àti ní 2017.

Inú wa dùn sí Noah. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: Yaoundé ló ti bẹ̀rẹ̀, ilé Faransé ni ife lọ.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Nduka Odizor, ẹni tí wọ́n ń pè ní The Duke, gba Amẹ́ríkà lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Houston. Ní Wimbledon, ní 1983 kan náà, ó pàdé Guillermo Vilas ti Ajẹntínà, tí wọ́n kà sí ẹnì kẹrin nínú àwọn tó lágbára jù níbẹ̀. Vilas ti mú abala méjì àkọ́kọ́. Odizor mú mẹ́ta tó kù, ó sì borí. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣeré fún Nàìjíríà nínú Ife Davis, pẹ̀lú Tony Mmoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Síbẹ̀ Nàìjíríà kò dé àárín àwọn 16. Láti 1981 títí di 2018, kò sí orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kankan tó dé ibẹ̀. Mòrókò dé ibẹ̀. Gúúsù Áfíríkà dé ibẹ̀. Sìmbábúwè náà dé ibẹ̀: ní 1998, Byron Black àti Wayne Black, ọmọ ìyá kan náà, lọ na Ọsirélíà mọ́lé ní Mildura, 3 sí 2.

Ìgbà kan ṣoṣo wà tí ife náà jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Áfíríkà, kò sì sí ìlù tí a lù fún un. Ní 1974 ni. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà ìgbà náà ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò fẹ́ bá wọn ṣeré, nítorí náà wọ́n fi wọ́n sí agbègbè Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tó jìnnà sí ilé wọn. Wọ́n gba ibẹ̀ dé ìparí. Íńdíà náà dé ìparí, pẹ̀lú Vijay Amritraj àti Anand ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Íńdíà kò gba ife náà rí. Ìjọba wọn wí pé wọn ò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Gúúsù Áfíríkà ṣe gba ife láìgbá bọ́ọ̀lù kan ní ìparí. Láti 1979, wọn kò jẹ́ kí Gúúsù Áfíríkà kópa mọ́, títí wọ́n fi gbà wọ́n padà ní 1992.

Ní 2019 àti 2020, wọ́n tún yí ètò náà padà. Ìpele kìíní àti ìkejì di ti gbogbo ayé. Ní ìsàlẹ̀ wọn, agbègbè wà síbẹ̀, Áfíríkà sì ní tirẹ̀.

Aládùúgbò wa Tógò gun àtẹ̀gùn tuntun yìí. Ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2025, àwọn ọmọ Tógò wà ní Delhi, olú ìlú Íńdíà, wọ́n ń wá ọ̀nà láti wọ ìpele kìíní. Íńdíà yìí kan náà ló kọ ife sílẹ̀ ní 1974. Onílé kò fún wọn láyè. Íńdíà mú mẹ́rin, Tógò kò mú ọ̀kankan, ó sì di dandan kí wọ́n padà sí ìpele kejì. Ìkarùn-ún, wọn ò ṣe é mọ́.