Ìwé-Ẹ̀rí Kékeré fún Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ: Láti Glasgow dé MIT

Lónìí, yunifásítì ń fún òṣìṣẹ́ tó bá gba ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìwé-ẹ̀rí kékeré, láìjẹ́ pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ibi tí èrò yìí ti ṣẹ̀ jìnnà. Ní Glasgow, George Birkbeck, ọ̀dọ́ dókítà tó ń kọ́ni ní Anderson's Institution, lọ bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìsọ̀ wọn kí wọ́n lè bá a ṣe ẹ̀rọ kan tó fẹ́ fi kọ́ni. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í nípa ẹ̀rọ náà pọ̀ débi pé, ní ọdún 1800, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́. Ilé ẹ̀kọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí òun àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1823 ló di Birkbeck, tó wà lára Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀kọ́ ti wà, ó ku ẹ̀rí tí agbanisíṣẹ́ máa gbà. City and Guilds, tí ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ 16 dá sílẹ̀ ní 1878, ń dán òṣìṣẹ́ wò lórí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Ìdánwò yìí dé Nàìjíríà, ó sì fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ iná àti mẹkáníìkì, kí àjọ ìdánwò NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, tó gba irú rẹ̀ ṣe nílé.

Yaba, ní Èkó, ló fi hàn jù pé ìmọ̀ nìkan kò tó. Yaba Higher College, tí wọ́n ṣí ní 1934, ń kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn kò ka ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sí ẹgbẹ́ dìgírì Ìlú Ọba. Ẹni tó gbà á, igbákejì òyìnbó ló máa jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ìwà ìrẹ́nijẹ gbáà ni. Inú tó bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó sí i ló bí Lagos Youth Movement lọ́dún yẹn kan náà.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde. Ní Oṣù Kẹta 2012, MIT ní Amẹ́ríkà ṣí ẹ̀kọ́ MITx àkọ́kọ́, tí Anant Agarwal jẹ́ ọ̀kan lára olùkọ́ rẹ̀, lórí sákíìtì àti ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́. Nǹkan bí ènìyàn 155,000 forúkọ sílẹ̀. Díẹ̀ lé ní 7,000 ló yege. Ọ̀pọ̀ wo àwọn tó já sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò sábà lè gba àwọn tó yege yẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Síbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí tí MITx fún wọn kò kún dìgírì. Ètò ẹ̀kọ́ MicroMasters, tí MIT kéde ní Oṣù Kẹwàá 2015, ló tún èyí ṣe. Àkọ́kọ́ rẹ̀ dá lórí ètò tí ọjà fi ń ti ilé iṣẹ́ dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹni tó bá ṣe dáadáa lè bèèrè àyè láti wá parí dìgírì másítà ní MIT, wọn á sì ka èyí tó ti kọ́ nílé mọ́ ọn. Ní 2016, ìkànnì ẹ̀kọ́ edX àti yunifásítì 14 gbé irú rẹ̀ jáde. Ní Oṣù Kẹfà 2022, Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù rọ àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé kí ìwé-ẹ̀rí kékeré kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tó fúnni, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe dán an wò.