Ta Ló Ní Amẹ́ríkà Ló Ti Wá?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kúrò ní Ajah lọ wo eré olórin lórí ìtàgé ní Victoria Island, ọ̀rẹ́ mi ní, "Bọ̀bọ́, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó nǹkan yìí wá."

Irọ́ o! Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, 1944, Hubert Ògúndé, ọlọ́pàá ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, gbé eré Ọgbà Édẹ́nì jáde ní Glover Memorial Hall, torin-torin, kí ìjọ Aládùúrà lè rówó kọ́lé. Ní 1945, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń gbé eré káàkiri títí dé Gold Coast.

Eré ló ń wá èèyàn lọ nígbà yẹn. Lónìí, àwa là ń la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lekki lọ bá eré. Ẹgbẹ́ wa yìí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀kan wá sí Ajah.